Àpótí Òsì Tí Bàbá Mi Fura Sí

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn níbi tí kò sí ẹnu. Eruku pupa ti bo ewé máńgòrò inú àgbàlá wa ní Ṣakí, ètè gbogbo wa ti là. Òórùn epo ẹ́ńjìnnì ń jáde lára aṣọ iṣẹ́ bàbá mi tó wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń dàpọ̀ mọ́ òórùn gàrí tí ìyá mi ń jọ̀ lẹ́yìnkùlé. Iná dé. Bàbá mi ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jáde lọ bọ́jú. Èmi jókòó sórí ẹní láàárín pálọ̀, mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Sípíkà méjì ni a ní nígbà náà, àpótí onípákó tó ga ju orúnkún mi lọ díẹ̀, ọ̀kan lápá òsì kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn. Àárín gan-an ló wà, níwájú tẹlifíṣọ̀n tí a kò tàn, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wò mí. Mo sún sápá òsì, ó bá mi sún. Mo padà sáàárín ẹní, òun náà padà. Ọkàn mi kò gbà á. Mo rá wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti lọ wá àpótí kẹta. Okùn aláǹtakùn ni mo bá níbẹ̀, àti sílípáàsì ẹsẹ̀ kan tí a ti wá títí, àti wáyà.

"Wàsílà, kí lò ń wá lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn?"

"Obìnrin yẹn ni, Bàbá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ fi ń kán sílẹ̀. "Kò sí níbẹ̀. Kò tilẹ̀ dé Ṣakí rí."

Wọ́n rò pé wọ́n ti dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà mọ́ pé ibi tí mo ti gbọ́ ohùn ni ohùn wà, àfi bí mo bá dé ibẹ̀ kí n fọwọ́ kàn án.

Ilé ìfura náà ni wọ́n kúkú bí mi sí. Ìyá mi ń ra gàrí ní Ìgànná, wọ́n ń tà á ní Ṣakí, ẹni tó bá sì ń ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí kì í pẹ́ kọ́ ìfura. Wọn kì í wo ojú àpò. Wọ́n á ká ọwọ́ bùbá sókè, wọ́n á ki apá bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, wọ́n á sì fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ láti ìdí rẹ̀. Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á da díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n á wá tẹ́tí sí bó ṣe ń dún lábẹ́ eyín. Gàrí tó gbẹ máa ń ké, èyí tó rin kì í sọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tó ń kó èyí tó gbẹ sókè, tí wọ́n ń kó ọlọ́rinrin sísàlẹ̀. "Ojú àpò kọ́ ni ìdí àpò," ni ìyá mi máa ń wí. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí gàrí, wọ́n ń sọ ọ́ lórí ẹni tó bá wá fẹ́ àbúrò wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún èmi náà nígbà tí mo bá ní mo ti fọ abọ́.

Bàbá mi ní tiwọn, etí ni wọ́n fi ń jẹun. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n, Ọ̀gá Múfú ni gbogbo ọlọ́kọ̀ ń pè wọ́n. Wọn kì í tú nọ́ọ̀tì kankan kí wọ́n tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á fi ẹnu sikurudiráfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé ìdí rẹ̀ lé etí, wọ́n á di ojú, wọ́n á sì na ìka kan sí dẹ́rẹ́bà pé kó tẹ iná sí i. Bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á ní, "Fáàfù kejì ni." Wọ́n á tú u, fáàfù kejì náà ni yóò sì jẹ́. Láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ijio ni wọ́n ti ń wọ́ ọkọ̀ wá bá wọn, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwọn dẹ́rẹ́bà máa ń sọ: "Etí Ọ̀gá Múfú kì í purọ́."

Nígbà tí mo kéré gan-an, etí òsì ni wọ́n máa ń gbé sikurudiráfà náà lé. Nígbà tó yá, mo rí i pé ó ti bọ́ sí ọ̀tún. Mo rí i, n kò bèèrè. Nínú gbogbo ohun tí mo fura sí lọ́mọdé, èyí tó yẹ kí n fura sí jù lọ nìyẹn.

Ní òjò ọdún kan, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé sípíkà òsì ti ń gbó. Wọn kò sọ pé kò dún rárá. Wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Wọ́n tú u, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Ìgbà náà gan-an ni Àlàájì Lámídì gbé họ́ọ̀mù tíátà dé.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Àlàájì Lámídì ń tà nítòsí ọjà, ọ̀nà Ijio ni ẹrù wọn sì ń gbà wọlé. Họ́ọ̀mù tíátà yìí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ládùúgbò wa: ẹ̀rọ kan, àpótí mẹ́fà. Méjì fún iwájú, ọ̀kan kékeré fún àárín, méjì tí a ó gbé kọ́ ara ògiri lẹ́yìn ẹni tó jókòó, àti àgbà wọn tó ń bú bí ààrá, tó ń gbọn abọ́ orí ṣẹ́ẹ̀fù. Bí òjò bá rọ̀ nínú fíìmù, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́yìn yín. Mo rí àgbàlagbà tó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ó ti sá aṣọ síta.

Ọjọ́ tí a lọ rà á, bàbá mi gbé àpótí kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e wò bí ẹni ń gbé iṣu wò. "Ayédèrú máa ń fúyẹ́," ni wọ́n wí. Ìyá mi kò bá wọn wọ̀n ọ́n. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ńlá, ibi tí atẹ́gùn ohùn ti ń jáde. Wọ́n ká ọwọ́ bùbá sókè, wọ́n sì ki apá bọ ọ́ títí dé ìgúnpá.

Àlàájì Lámídì fò sókè. "Ìyá Wàsílà! Kì í ṣe gàrí o!"

"Ṣé gàrí nìkan ló máa ń bàjẹ́ nísàlẹ̀ ni, Àlàájì?"

Òwú funfun kékeré kan ni wọ́n fà yọ. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n sì mi orí sí bàbá mi. A rà á.

Èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sẹ́yìn àpótí kọ̀ọ̀kan kí wáyà má baà dàrú. Wọ́n gbé àwọn àpótí onípákó àtijọ́ fún mi nítorí wọ́n ti di ohun àsọnù. Mo so wọ́n mọ́ rédíò kékeré kan ní yàrá mi, mo jókòó sáàárín, mo gbọ́. Òsì ń sọ̀rọ̀. Mo pààrọ̀ wọn, mo tún gbọ́. Kò sí aṣọ lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn. Èyí rú mi lójú, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Ọ̀gá Múfú pé etí wọn kò gbọ́ dáadáa? Mo pa á mọ́ra.

Mo fura sí tuntun náà pẹ̀lú. Bí bàbá mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gun àga, mo máa ń gbé etí lé àwọn àpótí ẹ̀yìn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù wa, wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn máa mí. Bí orin bá dé, wọ́n á wá tún ohun tí ti iwájú ti sọ sọ, ní ìdákúrekú, bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé láti orí ìwé ẹlòmíràn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀: ohùn méjì péré ni wọ́n máa ń fi sínú ọ̀pọ̀ àwo fíìmù Yorùbá ìgbà náà, òsì àti ọ̀tún. Ẹ̀rọ náà ló ń dá ìyókù sílẹ̀ látọwọ́ ara rẹ̀. A ra àpótí mẹ́fà láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àpótí méjì. Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń gbé etí lé ògiri látàárọ̀, ta ni yóò gbálẹ̀?"

Ọjọ́ kẹta ni bàbá mi pariwo. Àpótí òsì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe. Èyí tó burú jù ni pé bí wọ́n bá dìde lọ bá a, tí wọ́n gbé etí lé e, á máa sọ̀rọ̀ kedere. Bí wọ́n bá padà sórí àga wọn, á tún fi aṣọ bo ẹnu.

"Bí ọmọ iṣẹ́ ọ̀lẹ ló rí," ni wọ́n wí. "Bí ọ̀gá bá dé, á gbá sípánà mú. Bí ọ̀gá bá yíjú, á sùn."

Wọ́n ké sí Àlàájì Lámídì. Àlàájì wá, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́, wọn kò rí àléébù. Síbẹ̀ wọ́n lọ gbé òmíràn wá láti inú páálí tuntun, nítorí oníbàárà ni oníbàárà. Bàbá mi jókòó, wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí.

"Èyí náà ti kú."

"Ọ̀gá Múfú, mo ń gbọ́ ọ. Ìyàwó yín ń gbọ́ ọ. Ọmọ yín ń gbọ́ ọ."

"Àlàájì, etí ta ni Ṣakí ń wọ́ ọkọ̀ wá bá? Tèmi ni àbí tiyín?"

Àlàájì Lámídì gbé páálí wọn, wọ́n jáde. Gbogbo ìlú ló ti fọwọ́ sí etí náà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé gbogbo gáréèjì pé òkú ẹrù ni Àlàájì ń tà. Ẹni tí rédíò rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kùn-ún kùn-ún nínú rẹ̀. Wọ́n ń dá ọjà padà. Bàbá mi wá sọ ọ́ níwájú àwọn dẹ́rẹ́bà pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí Àlàájì gbé ọwọ́ lé Kùránì, kí wọ́n búra níwájú jámáà pé àwọn kò mọ̀ pé ẹrù náà kò dára.

Kí ẹni tí kò gbé àárín wa má rò pé nǹkan kékeré ni. Ẹni tí wọ́n bá ti ní kó búra lórí ọjà rẹ̀, ọjà náà ti bàjẹ́ kó tó la ẹnu. Bó bá búra tó sì jẹ́ òótọ́, ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa rántí ni pé wọ́n mú un búra. Rúkáyà, ọmọ Àlàájì, ló ń jókòó tì mí ní kíláàsì. Ní ọjọ́ Ajé, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Bàbá ẹ ló pe bàbá mi lólè," ló wí, kò sì gbójú sókè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ń wo fíìmù lọ́wọ́ nígbà tí dẹ́rẹ́bà kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn àga bàbá mi. Wọ́n yí gbogbo ara padà láti dá a lóhùn, wọ́n kọ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Lójijì ni wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ gbọ́ ọ? Òsì ti ń sọ̀rọ̀!"

Wọ́n kọjú sí i padà. Wọ́n ní ó ti dákẹ́. Wọ́n tún kọ̀yìn sí i, ó tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìka lójú afẹ́fẹ́.

"Ẹ wo àpótí abanijẹ́! Bí mo bá kọjú sí i, á panu mọ́. Bí mo bá ti kọ̀yìn sí i, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń sọ nípa yín," ni dẹ́rẹ́bà náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú.

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo orí bàbá mi. Nígbà tí wọ́n kọ̀yìn, etí ọ̀tún wọn ló bọ́ sápá àpótí òsì.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àga, àpótí méjì àti orí ènìyàn tó ní etí méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi. Lọ́jọ́rú, nígbà tí mo dé láti iléèwé, mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì níbi ẹ̀rọ: èyí tó ń lọ sí òsì, mo mú un lọ sí ọ̀tún. Bàbá mi dé, wọ́n jókòó. "Òsì yìí ṣì kú." Nígbà tí wọ́n lọ kí ìrun, mo pààrọ̀ àwọn àpótí fúnra wọn. Wọ́n padà, wọ́n jókòó, wọ́n fi àgbọ̀n júwe. Òsì náà ni. Pẹ̀lú ti àtijọ́ àti èyí tí Àlàájì kọ́kọ́ gbé wá, àpótí mẹ́rin ni mo kà. Gbogbo wọn ló kú nígbà tí wọ́n dé apá òsì àga kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló jí nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ohun tí kò yí padà ni ẹni tó jókòó.

Mo lọ bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń wọn gàrí. Mo rò fún wọn bí mo ṣe tò ó, láìfo ọ̀kan. Ọwọ́ wọn dúró lórí kóńgò.

"Àṣàkẹ́," wọ́n fi oríkì mi pè mí, "ta lo ti sọ ọ́ fún?"

"Kò sí, Ìyá."

"Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ó ku ọ̀la nìkan kí Jímọ̀ dé.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́bọ̀, bàbá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Ìyá mi rìn lọ sí apá òsì wọn, wọ́n dúró ní ìwọ̀n apá méjì sí wọn, wọ́n sì rọra pè, "Àlàbí."

Ìyá mi nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í pè é bí ẹlòmíràn bá wà nítòsí. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo wà. Nínú gbogbo ayé mi títí di ìgbà náà, n kò tíì rí i kí wọ́n pe orúkọ yẹn kí bàbá mi má yíjú.

Wọ́n ń fa tẹ̀súbáà lọ.

"Àlàbí."

Ọmọ tẹ̀súbáà kan, òmíràn, òmíràn.

Ìyá mi gba ẹ̀yìn wọn kọjá sí apá ọ̀tún. Ohùn náà ni wọ́n lò, kò ga jù ú lọ. "Àlàbí."

Bàbá mi yíjú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Há, Ìyá Wàsílà. O ti jí?"

Ìyá mi jókòó. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n jókòó lé, àwọn tí kì í jókòó láìtẹ́ nǹkan.

Wọ́n sọ ohun tí mo rí fún bàbá mi. Wọ́n pè mí jáde pé kí n wá tún àwòrán ṣọ́ọ̀kì náà yà sílẹ̀. Bàbá mi wo ìyá mi, wọ́n wò mí, ojú wọn sì yí padà lọ́nà tí n kò rí rí.

"Kí ni Lámídì fún yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju pàṣán lọ. Ìyá mi kò bínú. "Ẹ ki ọwọ́ bọ ìdí àpò yín fúnra yín, Bàbá Wàsílà."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà nínú àgbàlá, tí olówó rẹ̀ gbé sílẹ̀ láti àná. Bàbá mi lọ ṣí iná rẹ̀, wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n fi sikurudiráfà kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e lé etí ọ̀tún. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá gbé e lé etí òsì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nu ún, wọ́n yí i wò bí ẹni pé irin náà ló ti bàjẹ́, wọ́n sì lọ mú sikurudiráfà mìíràn nínú àpótí irinṣẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n dán wò. Lẹ́yìn ìkẹta, wọ́n pa iná ọkọ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kàn ní Àlàájì ti tún un ṣe," ni ìyá mi wí fún wọn lálẹ́, mo gbọ́ ọ láti yàrá mi. "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀. Iṣẹ́ yín ńkọ́?" Mo mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè náà. Ta ló máa wọ́ ọkọ̀ láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wá bá ìdajì etí?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun, lẹ́yìn ògiri mọ́ṣáláṣí, ni èmi àti ìyá mi wà. A kò lè rí àwọn ọkùnrin, ohùn wọn nìkan là ń gbọ́ láti inú sípíkà ẹlẹ́nu fífẹ̀ méjì tó wà lókè. Lẹ́yìn àdúà, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀, a gbọ́ tí ẹnì kan ń kùn nípa Kùránì. Ohùn bàbá mi wá jáde.

"Kò sẹ́ni tó máa búra. Ẹrù Àlàájì Lámídì dára. Àpótí òsì kò kú. Etí òsì mi ló kú, n kò sì mọ̀. Mo ti ba ọmọlúàbí lórúkọ jẹ́. Àlàájì, ẹ forí jì mí."

Mo gbọ́ bí sípíkà ẹlẹ́nu fífẹ̀ náà ṣe ń mí. Àlàájì Lámídì ló sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Múfú, ṣé kí n wá gbé ti òsì padà ni? Ó dà bíi pé ẹ ò lò ó."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Etí ìyàwó mi pé méjì."

Ẹ̀rín bú nínú mọ́ṣáláṣí, ó bú lọ́dọ̀ wa náà. Ìyá mi nìkan ló fi ìborùn bojú. Ní ọjọ́ Ajé, Rúkáyà kó ìwé rẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bi mí bóyá mo ní pẹ́ńsù méjì.

Gbogbo nǹkan kọ́ ló padà. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta kó ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, wọn kò sì padà wá títí dòní. Bàbá mi kò ráhùn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n pè mí jáde láti ilé ìdáná, wọ́n gbé ìdí sikurudiráfà lé mi létí, wọ́n ní, "Èwo ló ń sọ̀rọ̀?" Mo di ojú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ìró kan láàárín ogún ìró.

Iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe báyìí. Mo ń to sípíkà sílé fún àwọn ènìyàn ní Ṣakí, mo sì ń dé Iṣẹ́yìn. Ẹnì kankan kò kọ́ mi, wáyà tí mo ti jó kò sì lóǹkà. Bí wọ́n bá bi mí bóyá kí wọ́n ra méjì tàbí kí wọ́n ra èyí tó yí ènìyàn ká, mo máa ń ní kí wọ́n ra méjì tó dára kí wọ́n tó ra mẹ́fà tó ń díbọ́n. Ẹ wọn ààyè tó wà láàárín àpótí méjèèjì. Kí ó dọ́gba pẹ̀lú ààyè tó wà láàárín àpótí kọ̀ọ̀kan àti àga yín. Ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́jọ dára fún pálọ̀ tiwa. Ibi tí ohùn tín-ínrín ti ń jáde nínú àpótí, kí ó bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Ẹ yí ojú wọn sí àga díẹ̀. Ẹ wá jókòó, obìnrin yẹn yóò dúró sáàárín, níwájú yín, níbi tí kò sí ẹnu. Bó bá jẹ́ pé fíìmù tí wọ́n fi ohùn tó pọ̀ ṣe lóòótọ́ ni ẹ ń wò, tí pálọ̀ yín sì gba àpótí ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ó wà lórí ẹnu ọ̀nà, n kò ní dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gun àga, kí ẹ gbé etí lé àpótí ẹ̀yìn.

Bàbá mi ti darúgbó. Títí di oṣù tó kọjá, orí méjìdínlógójì ni wọ́n máa ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sí, ẹni tó ń kọjá lójú títì mọ ibi tí fíìmù dé. Mo gbé sípíkà méjì tí mo fẹ́ràn jù lọ wá, mo wọ̀n ọ́n dáadáa, mo tò ó bí mo ṣe ń tò ó fún olówó. Kò wúlò. Gbogbo ohun tó bá wà nínú òsì nìkan ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Mo gbé họ́ọ̀mù tíátà wá, ó tilẹ̀ tún burú sí i. Èmi tí mo ń wàásù méjì káàkiri Òkè-Ògùn wá jókòó sílẹ̀, mo da ohùn òsì àti ọ̀tún pọ̀ mọ́ra, mo fi wọ́n sínú àpótí kan ṣoṣo, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ sí etí. Àpótí wo? Èyí onípákó, ti òsì, tí wọ́n ní ó ti kú.

Ọmọ tó rá wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù nígbà náà, ohun gbogbo ló ń fura sí, àfi ẹni tó jókòó. Èmi tí mo dàgbà, bí àpótí bá ṣe mí bákan, etí ara mi ni mo kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ wá ìdí rẹ̀. Oṣooṣù ni mo ń dán an wò, òsì, ọ̀tún. Títí di báyìí, wọ́n ṣì dọ́gba.

Lánàá, fíìmù ń lọ lọ́wọ́, ìyá mi sì yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, lápá ọ̀tún. Wọn kò mọ̀ pé mo wà nílé. Wọ́n rọra pè, "Àlàbí." Bàbá mi yíjú, wọ́n ní, "Mò ń bọ̀."

Mo wo ẹ̀rọ: ohùn wà lórí mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe méjìdínlógójì mọ́. Mo mú tépù, mo wọ̀n láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé etí àga: ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. N kò gbà á gbọ́. Mo tún un wọ̀n. Mọ́kànlá ni.